Tẹlifóònù Ara Ògiri

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó tì í
lórí àga gbọọrọ ẹ̀yìn pápá ní Wichita,
èmi tí iṣẹ́ mi kò ju kí n máa hán bọ́ọ̀lù rẹ̀
kí apá rẹ̀ lè gbóná kí wọ́n tó pè é.
Tẹlifóònù kan wà lára ògiri, aláwọ̀ ewé.
Kì í dún fún ayọ̀.
Bó bá ti dún, ilé ẹnìkan ti ń jó nìyẹn.

Eliécer Batista, ọmọ Aguadulce,
níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń wọ́ iyọ̀ jọ nínú oòrùn Panama,
òun kọ́ ló ń dá iná sílẹ̀.
Abala kẹjọ, ọ̀tá ti kún orígun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta,
ẹni tó kó wọn síbẹ̀ ti lọ wẹ̀,
òun ni wọ́n ń ké sí kó wá san gbèsè tí kò jẹ.
Bí wọ́n bá sì wọlé,
orúkọ ẹni tó lọ ni akọ̀wé ń kọ ọ́ sí.
Ìwé mọ ẹni tó jẹ gbèsè;
ojú mọ ẹni tó wà nílé nígbà tí olówó dé.

Kì í sáré lọ sáàárín pápá. Ó ń rìn ni.
Mo bi í léèrè. Ó ní, "Harlan,
ẹni tó bá sáré lọ pa iná,
ojú ọ̀nà ni omi rẹ̀ ń dà nù sí."

Bọ́ọ̀lù mẹ́tàlá. Nígbà mìíràn, mẹ́rin péré.
Lẹ́yìn náà, ọjọ́ mẹ́ta lórí àga,
hóró òdòdó oòrùn lẹ́nu, èèpo nínú ife,
òun àti èmi, a ń ka ẹyẹ orí òpó iná.

Wọ́n pè é sókè lọ́dún kan, sí Cleveland.
Ọjọ́ mọ́kànlélógójì ní òtẹ́ẹ̀lì.
Ó ra fìríìjì ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀.
Lálẹ́ ọjọ́ kan, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo kọ̀, kò tẹ̀ bó ṣe máa ń tẹ̀,
ó lọ tààrà síbi tí igi ti ń dúró dè é.
Títí di òní, n kò rí ibi tó bọ́ sí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbọ̀nwọ́ já.
Dókítà gé iṣan ní ọrùn ọwọ́ òsì, ó fi so ti ọ̀tún.
Ó rẹ́rìn-ín: "Òsì ti yá ọ̀tún,
mo ń wo bí yóò ṣe san án."

Ìgbà ìkẹyìn tí tẹlifóònù dún fún un,
oṣù kẹsàn-án ni, òtútù mú, àmì mẹ́sàn-án sí ẹyọ kan.
Iná ti jó tán. Eérú ni wọ́n ní kó wá gbá.
Ó rìn lọ, bákan náà.
Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan fi igi gbá afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta,
ó wo òṣùṣù ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

Ó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe ní Aguadulce báyìí.
Bí mo bá pè é lọ́jọ́ Àìkú, kì í tètè gbé e.
Ìyàwó rẹ̀ ló tú àṣírí fún mi:
bó bá ti gbọ́ agogo náà, á kọ́kọ́ dìde,
á ju apá ọ̀tún yípo lẹ́ẹ̀mejì,
á wá rìn,
kì í sáré.