Gbànja Aláwẹ́ Méjì

Inú àpò ìrẹsì ni wọ́n kó fáìlì náà sí wá bá mi:
ìwé ìṣirò mẹ́ta, risíìtì tí wọ́n fi okùn ọ̀rá dì,
òórùn obì ṣì wà lára gbogbo wọn.
Síkírátù Ṣówèmímọ́ jókòó síwájú mi.
Ó kọ́kọ́ bèèrè pé, "Lọ́yà, èló lẹ máa gbà?"
kó tó wáá sọ pé òun ò jí nǹkan kan.

Mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún.
Ilé-iṣẹ́ tó ń kó obì láti Sábó lọ sí Kánò
ní owó náà gba ọwọ́ akápò kọjá,
kò sì dé báńkì.
Ọdún mọ́kànlá ló fi jókòó ti ṣéèfù yẹn,
bàtà kan náà, gègé kan náà,
ìwé rẹ̀ mọ́ ṣáká, kò ní ìpajẹ kan.
Wọ́n ní àwọn tí ìwé wọn mọ́ jù gan-an ni kéèyàn máa ṣọ́.

Ìyá mi, tó ti bá wọn ṣa obì rí,
bi mí lálẹ́ ọjọ́ náà pé, "Olè lo fẹ́ gbà sílẹ̀?"
Mo ní, "Màmi, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà."
Ó ní òwe kì í san owó oṣù.
Wọ́n jẹ òun náà ní oṣù mẹ́rin lọ́dún yẹn.

Mo ka risíìtì títí ojú mi fi pọ́n.
Iná lọ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù.
Ọ̀kan nínú wọn, mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀,
orúkọ Síkírátù nídìí rẹ̀, ó buwọ́ lù ú gàdàgbà,
ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Agẹmọ.
Mo tún un kà.
Ta ni kò mọ ọjọ́ yẹn ní Ṣàgámù?
Orò ọ̀sán!
Láti ìdájí títí di àṣálẹ́, obìnrin kankan ò yọjú.
Èmi fúnra mi ti fèrèsé pa, mo ń se ẹ̀wà,
mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìhà Mákun.
Obìnrin wo ló wáá fẹsẹ̀ rìn dé ọ́fíìsì
lọ buwọ́ lùwé?

Ní kóòtù, ooru fi mí sábẹ́ wíìgì bí ẹni fi ìkòkò dé mi lórí.
Máníjà, Ọ̀gbẹ́ni Ọdúfúwà, wà nínú àpótí ẹlẹ́rìí.
"Ṣé ẹ wà ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà?"
"Mo wà níbẹ̀."
"Obìnrin mélòó lẹ rí lójú títì?"
Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín.
Adájọ́, ọmọ Ìpẹru, kò rẹ́rìn-ín;
ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́,
ó ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹlẹ́rìí ò fèsì.

Mi ò sọ pé ọwọ́ Síkírátù mọ́.
Mi ò sọ pé Ọdúfúwà ló ṣe é.
Iṣẹ́ mi ò dé ibẹ̀:
ẹni tó ní ilé ń jó ni kó fi èéfín hàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n dá a sílẹ̀
(kì í ṣe èmi ni mo mú ọjọ́).
A jọ ń sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú,
ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín,
ó wá ní, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò,
"Ọlọ́run mà tóbi o, lọ́yà. Ìwé risíìtì ọ̀hún,
ilé mi ló wà ní gbogbo ọ̀sẹ̀ Orò yẹn."
Kí n tó la ẹnu, ó ti dá kẹ̀kẹ́ Màrúwá dúró.

Mo ka owó tó san fún mi lórí tábìlì.
Ó pé.
Mo gbé e sí imú, òórùn obì.

Ìyá mi ju gbànja kan sí mi lẹ́yìn oúnjẹ.
Mo fi eyín là á sí méjì.
Awẹ́ kan mọ́ nini, kòkòrò ò kàn án.
Èkejì wà nínú àtẹ́lẹwọ́ mi títí di ìsinsìnyí,
mi ò tíì yí i padà.