Orúkọ Inú Àtẹ́lẹwọ́

Ní Hámítìn, létí adágún,
wọ́n kọ́ aṣálẹ̀ sínú ilé-iṣẹ́ irin tó ti kógbá sílé.
Yanrìn ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́rin. Yìnyín ń já bọ́ lórí páànù.
Èmi ni mo ń kun ẹ̀jẹ̀:
omi ṣúgà àgbàdo, aró pupa,
kọfí díẹ̀, kó lè jọ ẹ̀jẹ̀ àná.

Wadíì jókòó síwájú mi, ó dijú.
Ìgbà kẹsàn-án tí n ó pa á nìyí.
"Mojírádé, bá mi wò ó, kí ni wọ́n ń pè mí lónìí?"
Mo wo ìwé. Ọkùnrin Kẹta.
Ó rẹ́rìn-ín: "Mo ti gbéga. Níjọ́sí, Ọkùnrin Karùn-ún ni mí."

Nínú ìwé kan náà, sójà ní orúkọ,
ó ní ìyàwó tí ń pè é lórí fóònù,
ọmọ tí eyín ṣẹ̀ṣẹ̀ ká lẹ́nu rẹ̀,
ajá kan. Ajá náà lórúkọ.
N kò bínú ọmọ. N kò bínú ajá.
Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá fún ní ìyá la máa ń sunkún fún.
Wọn kò fún Wadíì ní ìyá.
Irùngbọ̀n ni wọ́n fún un.

Ó gba pẹ́ńsùlù tìróò lọ́wọ́ mi,
ó kọ nǹkan sí àtẹ́lẹwọ́, láti ọ̀tún wá sósì,
ó sì ká ọwọ́ náà kò:
orúkọ bàbá bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ ólífì ní Béìtì Jálà.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.
Kámẹ́rà méjì ló wà níbẹ̀,
ẹ̀yìn èjìká sójà ni méjèèjì dúró sí.

Ìbọn ró. Ó ṣubú. Ọwọ́ ṣí.
Éyálì, tó ń ṣe sójà, bẹ̀rẹ̀ lé e lórí.
Ó rí i. Ó sì mọ̀ ọ́n kà,
ìyá ìyá rẹ̀, ará Bàgídádì, ló kọ́ ọ.
Ètè rẹ̀ pe orúkọ náà, kò jáde,
ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ sì fò lórí rẹ̀.
Wọ́n tún un yà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kólòlò.
Olùdarí ní òtútù ni.

Nígbà tí eré jáde, èmi àti ìyá ọkọ mi la jọ wò ó.
Ojú Éyálì gba gbogbo gíláàsì,
ètè rẹ̀ ń gbọ̀n,
fèrè kan sì yọ́ wọlé lábẹ́ rẹ̀.
Màmá nujú: "Áà, ọmọ ọlọ́mọ, wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń gbọgbẹ́."
Mo ní, "Màmá, òkú ńkọ́?"
Wọ́n yíjú sí mi.
"Òkú wo?"