Ẹ̀yìn Ọkọ̀

Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń lu páànù ní Sàmárù,
iwájú ọkọ̀ ni gbogbo wọn ń gbé wá bá mi.
"Àjàdí, bá mi lù ú kó rí ṣóńṣó,
kó lè máa gún atẹ́gùn lójú."
Mo lù ú, mo kùn ún, mo gbowó mi.
Ta ní ń béèrè ẹ̀yìn,
àfi ẹni tí tírélà bá kọ lù níbẹ̀?

Lọ́dún tí ọyẹ́ mú tí ètè gbogbo wa là,
Tálátù dé láti yunifásítì
pẹ̀lú ìdì òwú pupa kan. Kò fẹ́ rán nǹkan.
Ó gé e ní ìwọ̀n ìka, ó ń fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́
mọ́ ara Píjò mi, ìyẹn oníbúùtù gbọọrọ,
lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, lórí òrùlé, títí dé gíláàsì ẹ̀yìn,
tí ọkọ̀ fi dà bí àgbò tí irun rẹ̀ ń re.
"Bàbá, ẹ máa sáré lọ sọ́nà Fúntúà.
Ẹ má wo ẹ̀yìn."
Òun gun àṣàbà Dánládì tẹ̀lé mi, fóònù lọ́wọ́.

Nígbà tá a dé, ó fi fídíò hàn mí.
Òwú orí bọ́nẹ́ẹ̀tì sùn pẹ̀sẹ̀,
bí irun tí ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ yà tán.
Ti òrùlé náà sùn.
Ṣùgbọ́n lẹ́yìn, níbi tí páànù ti já wálẹ̀ bí ògiri,
yéè!
ọ̀kan ń na ọrùn síwájú, ọ̀kan ń pòòyì,
ọ̀kan ń gbá gíláàsì bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ta.

"Atẹ́gùn kì í bá imú jà," ni Tálátù wí,
"imú ì báà tóbi, kó ṣá ti rí roboto.
Ó yà fún un. Ibi tí yóò ti padà pàdé ara rẹ̀ ni kò rí.
Ó já sí kòtò lẹ́yìn yín,
ó di ọkọ̀ mú nídìí, ó ń fà á.
Nínú epo tí ẹ ń rà, kòtò yẹn ń mu tirẹ̀."

Àwọn àgbà ní bí iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn a ṣeé padà sí.
Wọn ò gbọ́ ti atẹ́gùn:
iwájú ṣeé lọ fún un,
ẹ̀yìn ni kò ṣeé padà sí.

Mo wá rántí eruku.
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń nu gíláàsì ẹ̀yìn yẹn
ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, tí ti iwájú sì mọ́ kedere.
Mo bú ọ̀nà Kàdúná, mo bú àwọn tó ń wa tírélà,
mo bú ọyẹ́ fúnra rẹ̀.
N kò mọ̀ pé ọkọ̀ mi ló ń bu erùpẹ̀ bo ara rẹ̀.

Ó ra ẹyin awó sísè lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri.
"Orí èwo ni kó ṣíwájú?"
Mo nawọ́ sí ibi ṣóńṣó.
Ó rẹ́rìn-ín, ó yí i padà,
ibi tó sanra ń lọ níwájú, ibi ṣóńṣó ń tẹ̀lé e.
Lẹ́yìn náà ó bó o, ó fi iyọ̀ sí i, ó jẹ ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi lu tiwọn,
ọkọ̀ kékeré elẹ́nìkan tí wọn yóò gbé lọ sí ìdíje ní Àbújá,
láti wo ẹni tí lítà epo kan máa gbé jìnnà jù.
Mo ṣe imú rẹ̀ bí gìgísẹ̀ ọmọ titun.
Mo fa ìdí rẹ̀, mo ń fà á, mo ń fà á, bí ìrù ẹja àrọ̀,
títí kò fi gba ẹnu géètì mọ́.
Inú bí mi. Tálátù ní kí n gé e.
"Tó bá ti ń rẹlẹ̀ dáadáa bọ̀, ẹ gé e sọnù.
Atẹ́gùn á rò pé ìyókù ṣì wà níbẹ̀."

Mo gé e. Ìrù tí kò sí yẹn,
òun ni iṣẹ́ tó dára jù tí mo ṣe rí.

Wọn ò gba ipò kìíní. Ṣéènì já ní ìlàjì ọ̀nà.
Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e dé, mo fi ìka ra ìdí rẹ̀:
eruku fẹ́lẹ́, bí àtíkè.

Lánàá, Alájì kan gbé Họ́ńdà wá.
"Àjàdí, bá mi wo iwájú yìí."
Mo kí i.
Mo kọ́kọ́ yípo lọ sẹ́yìn.