Wákàtí Mẹ́ta Mẹ́ta

Aago méjì òru ní Àjàṣẹ́.
Ọ̀sà dákẹ́, ẹ̀fọn ń kùn létí fèrèsé.
Mo jókòó ti eku mẹ́jọ nínú àgò,
funfun bí òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n.
Ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún
mo fa ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan
láti inú okùn rọ́bà tó wọ̀ wọ́n lọ́rùn,
mo kọ nọ́ńbà sára ìgò, mo tì í sínú yìnyín.

Dókítà Ṣègbénù ló fi ṣọ́ọ̀kì ya orí eku fún mi:
ní ìdí ọpọlọ, níbi tó rẹlẹ̀ jù,
ọwọ́ méjì wà lórí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo.
Ọ̀kan ní, "Tú u."
Èkejì ní, "Dì í mú."
Kókó kan wà lábẹ́ wọn, kò ju hóró ọkà bàbà lọ,
òun ni ìkòkò oje ìdàgbà.

Mo ti rò pé bí odò ni ìdàgbà ń ṣàn.
Rárá o. Bí àlejò ló ń wá:
wákàtí mẹ́ta, ó dé, ó kún inú ẹ̀jẹ̀,
ó tún lọ, ibẹ̀ gbẹ táútáú.
Lára akọ nìyẹn. Abo kì í dúró de aago,
díẹ̀díẹ̀ ni tirẹ̀ ń jò.
Oje náà fúnra rẹ̀ ló sì ń padà lọ bá ọpọlọ
pé, "Ó tó báyìí."

Lánàá, sẹ́mìjáàn kan fọn fèrè lójú títì,
àwọn eku ta gìrì.
Ọwọ́ ìdìmú fún mọ́ra.
A dúró, a dúró,
oje kò wá.

Ìgbà náà ni Rúfáì wá sí mi lọ́kàn,
ọmọ àbúrò mi ní Wándó.
Ọdún mẹ́sàn-án, ṣòkòtò tí mo rà fún un lọ́dún kẹta
ṣì ń bá a mu.
Bàbá rẹ̀ a máa wọlé lóru,
àwo a sì máa fọ́.

Mi ò kì í ṣe dókítà.
Eku kì í sì í ṣe ọmọ ènìyàn, mo mọ̀.
Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pe ìyá rẹ̀:
"Jẹ́ kó wá máa sùn lọ́dọ̀ mi."
Kò dáhùn. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀.

Lálẹ́ òní, eku keje ti sùn,
ó ká ìrù mọ́ imú.
Mo bọ́ bàtà mi,
mo fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sídìí yìnyín.