Ìṣẹ́jú Àáyá

Ẹ̀gbọ́n mi ni Vahagn.
Ó ka kíláàsì kejì lẹ́ẹ̀mejì, ó ka ìkẹta lẹ́ẹ̀mejì,
ibẹ̀ ni mo bá a, a jọ wà lórí bẹ́ǹṣì kan ní Gyumri,
èmi tó kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà.

Òtútù ti di gíláàsì fèrèsé.
Tíṣà Siranush ń kọ ìsodipúpọ̀ sára pátákó,
méje lọ́nà mẹ́jọ, méje lọ́nà mẹ́sàn-án.
Ojú Vahagn á kàn dúró,
ìpéǹpéjú rẹ̀ á máa gbọ̀n pẹ́pẹ́
bí ìyẹ́ labalábá tó há sẹ́yìn aṣọ títa.
Èmi á máa kà á lábẹ́ tábìlì, lórí ìka:
ení, èjì, ẹ̀ta…
Tí mo bá ka mọ́kànlá, ó ti dé.
Wọ́n sì ti nu pátákó.

“Vahagn Petoyan! Ṣé o ò gbọ́ ni?”
Etí rẹ̀ ò di.
Ẹni tí kò sí nílé, ta ni yóò jẹ́ ìpè?

Ìṣẹ́jú àáyá ni,
àáyá ṣẹ́jú báyìí, ó lajú báyìí.
Ṣùgbọ́n ẹ ṣa ìṣẹ́jú wọ̀nyí jọ
láti àárọ̀ títí aago á fi lù,
odindi ìwé kan ni, tí ẹnikẹ́ni ò kà fún un.

Lọ́jọ́rú a máa ń ta ṣẹ́ẹ̀sì.
Ó mọ̀ ọ́n ta! Ẹṣin rẹ̀ kì í fò ṣì.
Ọjọ́ kan ó lọ láàárín ìfò méjì,
kó tó padà, Gevorg ti jẹ ayaba rẹ̀.
Ó ní olè ni Gevorg.
Ó da ọba, ó da ìránṣẹ́, ó gbá Gevorg lẹ́nu.
Wọ́n ní ìwà rẹ̀ burú.
Kò purọ́ o:
ayaba wà níbẹ̀, ayaba ò sí níbẹ̀ mọ́,
kò sì sẹ́ni tó rí i tó ń rìn.

Ní Yerevan wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn lórí.
Dókítà ní wárápá ni, irú èyí tí kì í gbé ọmọ ṣánlẹ̀.
Màmá ní, “Wárápá kẹ̀? Kò ṣubú rí.”
Bàbá, tó ń rán bàtà, há ìṣó mẹ́ta sẹ́nu,
kò bá wọn dá sí i.

Oògùn náà dín àlọ rẹ̀ kù.
Ó tún ń mú un sunkún nítorí búrẹ́dì tí a gé wọ́,
ó ń mú un ti ilẹ̀kùn mọ́ mi.
Ká má parọ́, àwọn ọjọ́ kan wà tí mi ò fẹ́ràn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n tó bá ti dé, mo máa ń sọ sí i létí:
“Mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ojú ìwé kejìlélógún. Ìlà kẹrin.”

Lánàá, Tíṣà dúró tì wá.
“Kí lò ń sọ sí i?”
Mo ní, “Ibi tí a dé ni, mà.”
Kò fèsì.
Dọ́sítà wà lọ́wọ́ rẹ̀,
kò tíì nu nǹkan kan.