Iná Ẹ̀yìn, Apá Òsì

Ọkùnrin kan ló sáré kan gíláàsì mi ní títì Pembina,
aago mẹ́fà ìdájí, mo ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀.
Àyà mi já. Mo ti ń túlé àpò mi wá ìwé ọkọ̀,
mo rò pé ọlọ́pàá ni.
Kì í ṣe ọlọ́pàá. Awakọ̀ katakata tó ń gbá yìnyín ni,
irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun fún òtútù.
Ó nawọ́ sẹ́yìn: "Ìyáàfin, iná yín kan ti kú."
Kú. Ọ̀rọ̀ tó lò nìyẹn.
Ó padà sínú ọkọ̀ rẹ̀, iná ojú pópó dá wa sílẹ̀.

Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí,
ẹlòmíràn ní í bá ni rí tẹni.
Ọjọ́ mélòó ni mo ti ń fi ojú kan rìn ní Winnipeg,
tí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi kò mọ̀
bóyá mo fẹ́ dúró ni, bóyá mo fẹ́ yà?

Àkàngbé ló máa ń ṣe é.
Ọdún mọ́kànlá, ipò mi kò yí padà:
èmi lórí ìjókòó, ẹsẹ̀ mi lórí bíréèkì,
òun lẹ́yìn, èémí rẹ̀ ń rú bí èéfín.
"Tẹ̀ ẹ́." Mo tẹ̀ ẹ́.
"Fi sílẹ̀." Mo fi sílẹ̀.
Inú máa ń bí mi pé ó ń pẹ́.
Mo ní mo gbé ọbẹ̀ kaná.
Ọlọ́run, ọbẹ̀ wo?

Gílóòbù méjì, dọ́là mẹ́sàn-án àti sẹ́ǹtì díẹ̀.
Ọmọbìnrin tó tà á ní ṣé kí àwọn bá mi fi sí i;
mo gbọ́ iye tó pè, mo rẹ́rìn-ín, mo gbé ọjà mi.
Nílé, mo ṣí búùtù, mo gbé àpò iyọ̀ kúrò,
mo bá ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kan níbẹ̀, ti ọwọ́ òsì,
ó gan bí ẹja gbígbẹ.
Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Iṣẹ́ la wá ṣe.

Nọ́ọ̀tì mẹ́ta. Ọ̀kan jábọ́ sínú yìnyín,
mo ń fi ìka tó ti kú tipiri wá a bí ẹni ń ṣa ìrẹsì.
Gílóòbù àtijọ́ ti dúdú nínú bí ìdí ìkòkò.
Mo mì ín létí: ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́,
okùn tín-ín-rín tó ń gbé iná ti já.
Bẹ́ẹ̀ náà ni dókítà ṣe sọ ọ́ nípa ọkàn rẹ̀:
ohun kan, tín-ín-rín.

Mo ki tuntun bọ̀ ọ́. Kò tàn.
Mo tún yọ ọ́. Ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé ti bo ẹnu bàbà náà;
mo mú ohun tí mo fi ń rẹ́ èékánná, mo ha á, mo ha á, ó dán.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá mi wò ó?
Mo wọlé ọkọ̀, mo tẹ̀ ẹ́, mo yírùn:
òkìtì yìnyín pọ́n lápá ọ̀tún. Apá òsì, n kò lè búra.
A kì í wà níwájú ká tún wà lẹ́yìn.

Rodel, ọmọ àwọn ará Filipíìnì tó kọjú sí wa,
ń kó yìnyín lẹ́nu ọ̀nà wọn. Mo pè é.
Ó jókòó sáyè mi, orúnkún rẹ̀ kan sítíárìn.
Mo lọ dúró síbi tí Àkàngbé máa ń dúró.
N kò mọ̀ rí pé ibẹ̀ gan-an ni afẹ́fẹ́ odò ń gbà kọjá.
Mo lanu, Gẹ̀ẹ́sì sá fún mi.
"Tẹ̀ ẹ́!" ni mo ké.
Ọmọ tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan
tẹ̀ ẹ́.

Pupa, méjèèjì. Yìnyín pọ́n dé orúnkún mi.
Ẹsẹ̀ ọmọ náà ṣì wà lórí bíréèkì,
ó ń retí ọ̀rọ̀ kejì.
N kò tíì sọ ọ́.