Omi Inú Àwọ̀n

Ní Harlingen, òjò kì í bọ̀wọ̀ fún ìrọ̀lẹ́.
Aago mẹ́sàn-án ti lù. Jildou ti gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.
Ó ku èmi, ó ku kọfí tó ti tutù bí ẹnu ọ̀nà,
ó ku ojú dúdú kan tí àmì rẹ̀ ń ṣẹ́jú
bí ẹni tó mọ̀ràn, tí kò fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́.

Wọ́n ní a kì í fi àwọ̀n pọnmi.
Àwa ń fi í pọn.
A ta àwọ̀n bo ilẹ̀kùn omi èbúté, ojú rẹ̀ lé ní ọ̀kẹ́ méjì,
ojú kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀:
bí omi ibẹ̀ ti ga tó, bó ti ń sáré tó, ibi tó kọjú sí.
Odindi òkun, a ṣẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́, a kó o sínú fáìlì.

Fáìlì àná. Fáìlì òní.
Ìjì kan náà, ilẹ̀kùn kan náà.
Kọ̀ǹpútà nìkan la pààrọ̀ láàárọ̀,
ọ̀gá wá ní kí n wò ó bóyá tuntun ń purọ́.

Mo tẹ orúkọ irinṣẹ́ náà, mo tẹ orúkọ fáìlì méjèèjì,
mo tẹ ìyàtọ̀ tí mo lè fojú fò: ìdá kan nínú mílíọ̀nù.
Kò ní àwòrán. Kò ní àwọ̀.
Bí ọ̀rọ̀ bá dọ́gba, yóò dákẹ́ ni, ìwà rẹ̀ nìyẹn.
Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gba owó oṣù lórí ìdákẹ́ rẹ̀.

Lálẹ́ yìí, ó sọ̀rọ̀.

Ìlà kan ṣoṣo. Ojú àwọ̀n kan ṣoṣo,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kejì, níhà ibi tí oòrùn ń wọ̀:
lánàá, omi ń lọ síwájú. Lónìí, ó ń padà sẹ́yìn.
Ìrìn rẹ̀ kò ju ìbú ọmọ ìka kan lọ.

Mo lè fojú fo ìyàtọ̀ tó tóbi díẹ̀ sí i.
Yóò pa ẹnu mọ́. N ó bá bọ́ọ̀sì ìkẹyìn.
Nínú ọ̀kẹ́ méjì, ta ni yóò bèèrè ẹyọ kan?

Ìwé Wiebren ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀, ó ń rùn bí ẹja àti tábà.
Òun ló ṣọ́ ilẹ̀kùn yẹn kí wọ́n tó bí mi,
òun àti ọ̀pá kan tí wọ́n kùn ní pupa àti funfun.
Mi ò mọ ohun tí mo ń wá. Mo ń ṣí i, mo ń ṣí i,
títí mo fi kan oṣù kọkànlá ọdún kan tí omi ti jẹ nọ́ńbà rẹ̀:
“Òpó kejì. Omi ń yí padà níbí, n kò mọ ìdí.
Pẹ́pẹ́yẹ kan ti ń pòòyì níbẹ̀ láti àárọ̀.”

Bọ́ọ̀sì ti lọ. Mo gbọ́ ọ nínú òjò.
Mo tún àṣẹ náà tẹ̀. Ó tún ìlà náà sọ.
Mi ò tíì lè búra èwo ló ń purọ́ nínú méjèèjì,
ṣùgbọ́n mo mọ èyí tí pẹ́pẹ́yẹ gbè lẹ́yìn.